Ìyá Àgbà, Ìkòkò Yanrìn àti Kéèkì Sitirọ́bẹ́rì

Ní ọjọ́ tí a sin ìyá bàbá mi, èèyàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sọ fún mi pé oníwà tútù ni wọ́n. Ẹni kẹta tilẹ̀ fi Ọlọ́hun búra pé ìyá náà kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Mo bojú wo inú sàréè lẹ́ẹ̀kejì, bóyá òkú ẹlòmíràn la gbé síbẹ̀. Mo mọ̀ pé ikú máa ń tún ìwà èèyàn ṣe, ṣùgbọ́n àtúnṣe tó ṣe sí ti ìyá wa yìí ti pọ̀ jù. Àwọn tó máa ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá ní Bẹyẹrúnkà, àdúgbò wa n'Ìbàdàn, kí ojú àwọn àti ti ìyá má baà ṣe mẹ́rin, àwọn gan-an ló wá ń nu omijé.

Kí àwọn tó ń yìn wọ́n tó sọ wọ́n di ẹlòmíràn pátápátá, mo ní kí n tètè kọ ìwọ̀nba tí mo mọ̀ sílẹ̀. N kò ní kọ ọdún tí a bí wọn, nítorí àwọn náà kò mọ̀ ọ́n, wọ́n sì máa ń dín in kù nígbàkigbà tí dókítà bá bèèrè. N kò ní to orúkọ àwọn ọmọ àti ọmọ ọmọ lẹ́sẹẹsẹ. Ọ̀rọ̀ kéèkì ni mo fẹ́ sọ. Ẹni tó bá mọ ìyá dáadáa yóò mọ̀ pé mi ò yà kúrò lójú ọ̀nà.

Àlájà ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n, bẹ́ẹ̀ ibi tó jìnnà jù tí wọ́n dé láyé wọn ni Ìlọrin, wọ́n sì ní oorun ò kùn àwọn níbẹ̀. Tí ẹni tó ń kí wọn bá ti fa "Àlájà" náà gùn jù, pàápàá tó bá jẹ́ ẹni tó fẹ́ gba nǹkan, wọ́n á wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n á ní, "Ìwọ tó o mọ̀ pé Àlájà ni mí, tíkẹ́ẹ̀tì mi dà?"

Kéèkì ni wọ́n ń ṣe tà, nínú agboolé wa, láti ìgbà tí bàbá mi ti wà ní ọmọdé. Wọn ò ní ófúùnù. Ìkòkò irin ńlá kan ni wọ́n ní, tí yanrìn wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tó nípọn tó ìka mẹ́rin. Wọ́n á gbé e ka orí àdògán eléèédú, yanrìn á gbóná, wọ́n á gbé páànù kéèkì lé e, wọ́n á dé e, wọ́n á wá wa ẹyín iná sórí ìdérí. Iná nísàlẹ̀, iná lókè, kéèkì láàárín. Nígbà tí mo kọ́kọ́ bi wọ́n pé ṣé kì í jóná báyìí, wọ́n ní, "Báyìí náà ni ìyàwó ilé ṣe ń gbé láàárín ọkọ àti ìyá ọkọ. Ṣé o rí èyí tó jóná?"

Ẹyin kò gbọdọ̀ wọlé wa láìjẹ́ pé àwọn fúnra wọn ló rà á. Wọ́n á ti Bẹyẹrúnkà rìn dé Ọjà'ba, wọ́n á gbé abọ́ omi kékeré kan dání, wọ́n á máa ju ẹyin sínú rẹ̀ lójú ẹni tó ń tà á. Èyí tó bá rì, tiwọn ni. Èyí tó bá léfòó, ó ń padà sọ́dọ̀ olówó rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n á sọ fún àwọn oníbàárà tó kù pé kí wọ́n má kánjú, kí wọ́n wá wo sinimá. Obìnrin kan tínú bí lọ́jọ́ kan ní ṣé ìyá rò pé olè lòun ni. Ìyá ò gbé ojú sókè nínú abọ́ omi. Wọ́n ní, "Ìwọ ò bá adìẹ yé e, èmi náà ò bá a yé e. Ká jọ bi omi."

Yanrìn inú ìkòkò yẹn, kó tó di pé wọ́n bí mi ni wọ́n ti jọ̀ ọ́, tí wọ́n fọ̀ ọ́, tí wọ́n sá a, kò sì sẹ́ni tó pààrọ̀ rẹ̀ mọ́. Ní ọdún tí mo jáde ní Pólì, tí ọgbọ́n kún orí mi dé ibi pé fìlà ò fẹ́ wọ̀ mí mọ́, mo ṣàkíyèsí pé yanrìn náà ti dúdú. Mo kó o jáde. Mo fi dí kòtò kan tí òjò gbẹ́ sẹ́nu ọ̀nà wa, mo sì lọ bu yanrìn funfun lọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ́lé ní Bẹẹrẹ. Mo ń retí kí wọ́n yìn mí. Ìyá wo inú ìkòkò, wọ́n wò mí, wọ́n jáde lọ wo kòtò. Kéèkì ọjọ́ náà jinná lápá kan, apá kejì ń ṣàn. Mo wa yanrìn tí mo lè wà padà, kò ju ìdajì lọ, mo fọ̀ ọ́, mo pò ó mọ́ tuntun. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni wọn ò fi bá mi sọ ju ìkíni lọ. Tí àlejò bá sì fẹ́ wọlé, wọ́n á dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á fi ẹsẹ̀ tọ́ka sílẹ̀. "Rọra tẹ ibẹ̀. Ìwé tí ọmọ ọmọ mi kà ló sin síbẹ̀."

Wọn kì í lo aago. Tẹ̀sùbáà ọwọ́ wọn ni wọ́n fi ń mọ ìgbà tí kéèkì jinná. Kéèkì lásán gba ìyípo mẹ́wàá. Eléso gba méjìlá. Tí kíkà bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bá wọn sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìdérí ìkòkò. Mo rí ọjọ́ tí ewúrẹ́ wọlé tó jẹ ẹ̀fọ́ ọbẹ̀ wa tán níwájú wọn. Wọ́n ń wò ó, ètè wọn ń mì, wọn ò lé e. Nígbà tí wọ́n wá túfọ̀ àbúrò wọn láti Ìsàlẹ̀ Òsì, wọ́n fi ọwọ́ júwe àga fún ẹni tó mú ìròyìn wá, wọ́n ka èyí tó kù tán, wọ́n gbé kéèkì sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n tó ká ọwọ́ lérí, kí wọ́n tó sunkún. Ààfáà mọ́ṣáláṣí agboolé wa gbọ́, ó wá ṣàlàyé pé a ò ṣe tẹ̀sùbáà fún kéèkì. Ìyá gé èyí tó tóbi fún un. Nígbà tó jẹ ẹ́ tán, ó tún wáàsí náà ṣe, ṣùgbọ́n kò le tó ti àkọ́kọ́ mọ́. Ìyá ní, "Ààfáà, Ọlọ́hun gba ìrántí Rẹ̀, kéèkì jinná. Ta ló pàdánù níbẹ̀?"

Ohun kan tí wọn kì í sọ ni ibi tí wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ náà. Tí a bá bi wọ́n, wọ́n á ní ojú àlá ni. A kì í bá ẹni tó ní irú ẹnu bẹ́ẹ̀ jiyàn lórí àlá rẹ̀.

Bàbá mi, Mùráínà, ni àkọ́bí wọn, òṣìṣẹ́ ìjọba ní Agodi. Bàbá mi jẹ́ ẹni tó ń wọ kóòtù nínú ooru Ìbàdàn, tó sì ń retí kí ooru náà bọ̀wọ̀ fún un. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ lẹ́nu wọn pé ọmọ akọ̀wé làwọn, pé bàbá àwọn, Lásísì, fi gègé ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó. Bàbá àgbà ti kú kí wọ́n tó bí mi. Mi ò rí àwòrán, mi ò rí gègé. Tí bàbá mi bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí níwájú àlejò, ìyá á dìde, wọ́n á lọ bu omi mu nínú àmù. Mo rò pé òùngbẹ ló máa ń gbẹ wọ́n.

Èmi wá parí ìwé, mo dúró sílé fún ọdún méjì, ìdí ìkòkò ìyá sì ni mo fi ọdún méjèèjì náà ṣe. Lọ́jọ́ tí bàbá mi bá mi wá iṣẹ́ sí ọ́fíìsì ní Agodi, mo sọ fún wọn pé kéèkì ni mo fẹ́ máa ṣe. Wọ́n ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Wọ́n ní kí n lọ wẹ̀. Ìyá ló bá mi bẹ̀ wọ́n, tàbí ohun tí ìyá ń pè ní ẹ̀bẹ̀, títí wọ́n fi gbà pé àwọn á wá ní ọ̀sán Sátidé, àwọn á tọ́ ohun tí mo ń pè ní iṣẹ́ wò. Tó bá dára, àwọn á fi mí sílẹ̀. Tí kò bá dára, lọ́jọ́ Mọ́ńdè ni mo máa wọ ọ́fíìsì. Ọ̀rọ̀ ayé mi wá di ti kéèkì kan ṣoṣo.

Ẹni tó lọ́gbọ́n ì bá ṣe èyí tó mọ̀ ọ́n ṣe. Èmi ní kéèkì adojúdé ni mo máa ṣe, eléso sitirọ́bẹ́rì, tí mo rí nínú fóònù. Èso àti ṣúgà àti bọ́tà lo máa kọ́kọ́ tò sísàlẹ̀ páànù, wàá da fúláwà tó o ti pò lé e, tó bá jinná, wàá dà á dé sórí àwo, èso á wá bọ́ sókè. Mo ra sitirọ́bẹ́rì lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń kó o bọ̀ láti Jọ́ọ̀sì. Mo sì ti ra ófúùnù oníná kékeré kan. Ní àárọ̀ Sátidé náà, iná lọ. Ìyá wo ófúùnù náà, wọ́n ṣí i, wọ́n pa á dé, wọ́n ní ó máa dára fún kíkó gèlè sí.

Wọ́n mú sitirọ́bẹ́rì kan, wọ́n wò ó yíká.

"Ṣé àgbáyun òyìnbó nìyí?"

"Ó jọ bẹ́ẹ̀, Ìyá."

Wọ́n jẹ ẹ́, ojú wọn sì rún. "Àgbáyun tiwa máa ń sọ kíkan di dídùn. Èyí ti Jọ́ọ̀sì wá, ó wá kan fúnra rẹ̀."

Mo ṣàlàyé pé ṣúgà á gbà á. Wọ́n bi mí pé kí ló dé tí èèyàn á kó ohun tó rẹwà sísàlẹ̀, tó tún wá ń wá ọgbọ́n tó máa fi gbé e sókè. Ṣùgbọ́n wọ́n bá mi la èso náà sí méjì méjì, wọ́n bá mi tò ó, wọ́n tún mú èyí tí mo tò jáde nítorí pé kò gún. Wọ́n gbé páànù wọnú ìkòkò, wọ́n wa ẹyín iná lé ìdérí, wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n mú tẹ̀sùbáà. Ìyípo méjìlá.

Bàbá mi wọlé nígbà tí ìyá ti ka bíi ìyípo mẹ́jọ. Àpò ìwé aláwọ̀ ilẹ̀ kan wà lọ́wọ́ wọn, ìwé ìgbanisíṣẹ́ mi ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ kí ìyá wọn. Ìyá na ìka kan sókè, èyí tó túmọ̀ sí pé kíkà ń lọ lọ́wọ́. Bàbá mi jókòó. Wọ́n mọ òfin náà ju èmi lọ, ṣùgbọ́n ẹnu akọ̀wé kì í pẹ́ yún.

"Àkànjí, kí lo so mọ́yà yìí?"

"Épírọ́ọ̀nù ni, sà."

"Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ọkùnrin. Épírọ́ọ̀nù." Wọ́n mi orí. "Wọ́n bi mí ní ọ́fíìsì pé kí lọmọ mi ń ṣe. Mo ní ó ṣì ń kàwé. Ìwọ lo sọ mí di onírọ́."

"Ẹ má bínú, sà."

"Nínú ìran wa, kò sí ọkùnrin tó dúró nídìí àdògán rí. Bàbá mi, gègé ni wọ́n lò. Èmi, gègé ni mo lò. Ìwọ fẹ́ lo ṣíbí. Ẹ̀gàn lo fẹ́ kó bá ilé yìí, ìwọ náà sì ń pè é ní iṣẹ́."

Mo wo ilẹ̀. Nígbà tí mo gbé ojú sókè, ọwọ́ ìyá ti dúró lórí ìlẹ̀kẹ̀. Wọ́n ká tẹ̀sùbáà jọ, wọ́n rọra gbé e sórí ẹní. Mi ò rí i kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

"Mùráínà."

"Ìyá, ẹ̀yin kọ́ ni mò ń bá wí."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo fẹ́ bá ọ wí. Kí ni bàbá rẹ fi gègé ṣe?"

Bàbá mi wò mí, wọ́n tún wo ìyá wọn. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. A ti sọ ọ̀rọ̀ yìí tán láàárín ara wa."

"Ìwọ lo sọ ọ́ tán. Èmi, mo dákẹ́ ni. Ọdún tó o wọ iṣẹ́ ìjọba, ibí yìí lo dọ̀bálẹ̀ sí pé kí n má jẹ́ káwọn ẹgbẹ́ rẹ mọ̀. Mo ní kò burú, ọmọ mi ni ọ́. Ṣùgbọ́n mi ò bá ọ ṣàdéhùn pé wàá máa fi ìdákẹ́jẹ́ mi na ọmọ ọmọ mi."

"Ìyá..."

"Kúùkù ni bàbá rẹ. Kúùkù òyìnbó, ní Agodi yẹn náà. Òun ló kọ́ mi ní kéèkì. Orí ara rẹ̀ ló fi ru yanrìn inú ìkòkò yìí wá láti odò. Ọdún tó kú, o ò tíì tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, kéèkì tó kọ́ mi ni mo tà tó o fi kàwé tó o fi rí gègé mú. Ẹni tó bá ní ìdí àdògán kò yẹ ọkùnrin, kó pọ ìwé tó kà síta, ká gbé e padà fún àdògán."

Mo rántí kòtò ẹnu ọ̀nà wa tí mo da yanrìn bàbá àgbà sí, ojú sì tì mí dé ibi pé mi ò lè wo ìyá. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni wọ́n fi yẹra fún mi. Èmi ì bá ṣe ọdún kan.

Òórùn ló ta wá jí. Mo fò dìde, mo dúró, nítorí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìdérí. Ìyá wo tẹ̀sùbáà lórí ẹní. "Ìyípo mélòó ni mo kà?" Àwa méjèèjì ò mọ̀. Wọ́n ṣí i fúnra wọn, wọ́n gbé páànù jáde, wọ́n ṣe bísímílá, wọ́n dà á dé sórí àwo. Tí kéèkì lásán bá jóná, nísàlẹ̀ ló ti ń jó, wàá gbé ibẹ̀ sọlẹ̀, wàá bu ṣúgà sórí, kò sí àlejò tó máa mọ̀. Tiwa yìí gbé gbogbo dúdú rẹ̀ sókè, ó ń wò wá. Sitirọ́bẹ́rì tí mo fi ọ̀sẹ̀ kan wá ti di èédú. Bàbá mi wò ó, wọ́n mú fìlà, wọ́n jáde. Wọn ò tọ́ ọ wò. Wọ́n gbàgbé àpò ìwé náà sórí àga.

Mo rò pé ìyá á fi bàbá mi ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn. Wọn ò ṣe é. Wọ́n jókòó sórí àpótí wọn, wọ́n káwọ́ lẹ́rán títí wọ́n fi pe ìrun àṣárì. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà dùn wọ́n ju bó ṣe dun ẹni tí wọ́n sọ ọ́ fún lọ. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi bo ọmọ wọn láṣìírí, ojú mi ni wọ́n sì tú u sí. Àánú wọn ṣe mí, mi ò sì mọ bí èèyàn ṣe ń sọ irú rẹ̀ fún wọn, nítorí wọn ò kọ́ mi.

Nígbà tí wọ́n kírun tán, wọ́n mú ọ̀bẹ, wọ́n ha dúdú ojú kéèkì náà kúrò, wọ́n gé ibi tó dára, wọ́n dì í sínú àwo. Wọ́n ní kí n gbé e lọ fún bàbá mi nílé wọn ní Òkè Pádírè. Mo bi wọ́n pé kí ni kí n sọ. Wọ́n ní, "Sọ fún un pé èmi ni mo jó o, kì í ṣe ìwọ."

Bàbá mi gbà á lẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n ní kí n bá àwọn dúpẹ́, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Mọ́ńdè dé, kò sẹ́ni tó jí mi pé kí n lọ sí ọ́fíìsì. Kò tún sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ náà mọ́. Láti ìgbà náà, tí ẹnikẹ́ni bá bi bàbá mi pé kí lọmọ yín ń ṣe, wọ́n á ní, "Ó ń ṣòwò." Tónítọ̀hún bá ní òwò wo, wọ́n á ní, "Òwò." Ọdún méjì ni mo fi jẹ́ oníṣòwò òwò. Mò ń ta kéèkì adojúdé lọ dé Mápó, ìyá ń ka tẹ̀sùbáà, bàbá mi ń wá lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀, wọ́n ń kí wa, wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ ìkòkò kọjá bíi pé kò sí níbẹ̀.

Àìsàn ọjọ́ mẹ́rin ló mú ìyá lọ. Wọ́n ṣì ráyè sọ fún nọ́ọ̀sì pé abẹ́rẹ́ rẹ̀ gùn ju ìwà rẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ kẹjọ, a pé jọ síwájú agboolé fún fídáù. Àwọn ẹlẹgbẹ́ bàbá mi láti Agodi wà lábẹ́ kánópì níwájú, wọ́n pọ̀, wọ́n wọ aṣọ tó le. Nígbà tí wáàsí parí, ààfáà ní kí bàbá mi kó àwọn ọmọ ọmọ wá fún àdúrà. Ó ń bèèrè iṣẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan kó tó ṣe tirẹ̀. Ó ṣe ti nọ́ọ̀sì, ó ṣe ti tíṣà. Ó kàn mí. Ààfáà fi máíkì sí ẹnu bàbá mi.

"Èyí ńkọ́, iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

Mo ti mọ ohun tí wọ́n máa sọ, mo sì ti dorí kodò dè é. Bàbá mi wúkọ́. Wọ́n wo iwájú, níbi tí àwọn ará Agodi jókòó sí, wọ́n sì gba máíkì náà mú fúnra wọn.

"Kéèkì ló ń ṣe. Iṣẹ́ bàbá mi ló ń ṣe. Kúùkù ni bàbá mi."

Mo ti ṣe àmín kí ààfáà tó bẹ̀rẹ̀ àdúrà.